130 Ni Wọ́n Kọ Síbẹ̀

Inú ilé gogoro Láyípo ló ti hàn sí mi pé ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ tó wà láyà mi kù díẹ̀ káàtó, kì í ṣe ní ọsibítù. Mo kó àwọn ọmọ praimárì karùn-ún wa lọ sí Òkè Àrẹ̀ lọ́jọ́ ìrìn-àjò ilé ẹ̀kọ́. Ẹni tó bá mọ Ìbàdàn á mọ Láyípo. Ọdún 1936 ni wọ́n kọ́ ọ láti fi rántí Captain Bower, ajẹ́lẹ̀ àkọ́kọ́ tí òyìnbó fi síbẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ Ìbàdàn wo ló ń pe Bower? Àtẹ̀gùn tó ń yí po nínú rẹ̀ bí ìkarahun ìgbín la fi sọ ọ́ lórúkọ.

Mo ti gùn ún dé bí ìdajì, ọkàn mi ń lù kìkìkì bó ṣe yẹ kí ọkàn ẹni tó ń gun òkè máa lù. Àfi bó ṣe já lójijì. Kì í ṣe pé ó dúró o. Ó kàn fà sẹ́yìn ni: gbì, ó sinmi, gbì, ó tún sinmi. Ẹsẹ̀ mi méjèèjì rọ̀ bí ẹ̀kọ tí kò tíì dì. Mo fara ti ògiri, mo rọra jókòó sórí àtẹ̀gùn, àwọn ọmọ ń gba ẹ̀gbẹ́ mi sáré kọjá. Ọ̀kan nínú wọn dúró. "Àǹtí, ṣé kí n bá yín gbé báàgì yín?" Mo ní kó máa lọ, mò ń bọ̀. Kò tó ìṣẹ́jú méjì tí ara mi fi bọ̀ sípò, bí ẹni pé kò sí nǹkan kan tó ṣẹlẹ̀. Mo dìde, mo gùn sí i díẹ̀, ó tún já.

Mi ò dé òkè lọ́jọ́ náà. Ẹ sì wò ó, oṣù kẹjọ nìyẹn tí wọ́n ti fi pacemaker, ẹ̀rọ kékeré tó ń ti ọkàn kó lù, sí mi láyà, tí ilẹ̀ tí bàbá wa fi sílẹ̀ ní Mọ́níyà ti bá a lọ, nítorí kí ọkàn mi má baà máa já ni.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni mo kọ́kọ́ sọ fún. Ó ní, "Ṣebí o wà láàyè?" Ìyàwó pásítọ̀ wa ní kí n máa dúpẹ́ èyí tí Ọlọ́run ti ṣe kí n lè rí ìyókù gbà. Nọ́ọ̀sì tó gbé fóònù nígbà tí mo pe ọsibítù ní, "Mà, àwọn kan ń bẹ tí wọn ò rówó rà á rárá." Òótọ́ pọ́ńbélé ni gbogbo wọn sọ, pàápàá nọ́ọ̀sì yẹn. Àwọn ará Yunifásítì Michigan ní Amẹ́ríkà tilẹ̀ ń gba èyí tí wọ́n yọ láyà olóògbé, wọ́n ń fọ̀ ọ́, wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n lè fi gba ẹ̀mí ẹni tí kò ní lọ́wọ́ là. Nàìjíríà wà lára ibi tí wọ́n ti dán an wò. Mo mọ̀ pé mo rí àánú gbà. Ṣùgbọ́n ohun tí mo bi wọ́n ni pé kí ló dé tí ẹsẹ̀ mi fi rọ̀ láàárín àtẹ̀gùn. Ọpẹ́ kọ́ ni ìdáhùn ìyẹn.

Àìsàn tó gbé mi débẹ̀ kò ṣòro láti ṣàlàyé fún ẹni tó bá ti kọrin nínú kúáyà rí. Yàrá mẹ́rin ló wà nínú ọkàn, méjì lókè, méjì nísàlẹ̀. Ojú kan wà ní yàrá òkè lápá ọ̀tún, òun ni adárin. Iná mànàmáná kékeré ni ohùn rẹ̀. Ohùn náà á sọ̀ kalẹ̀ wá sí ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo tó wà láàárín òkè àti ìsàlẹ̀, á dúró díẹ̀ níbẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ ráyè kún yàrá ìsàlẹ̀, lẹ́yìn náà ni á wọlé tọ àwọn elégbè lọ. Òkè á dá, ìsàlẹ̀ á gbè. Ó dá, wọ́n gbè. Bẹ́ẹ̀ ni látinú oyún títí dọjọ́ ikú.

Tèmi, ẹnu ọ̀nà yẹn ló dí. Adárin ń dá orin lókè, ó ń dá 80 láàárín ìṣẹ́jú kan, ohùn rẹ̀ já gaara, kò níṣòro kankan. Àwọn elégbè ni ò gbọ́ nǹkan kan. Nígbà tí wọn ò gbọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ti ara wọn bí ẹni tó ń tòògbé: 32. Nọ́ọ̀sì tó di ọrùn ọwọ́ mi mú lọ́jọ́ náà kà á, ó wo aago rẹ̀, ó gbọn aago ọ̀hún, ó tún kà á. Mo ti dákú lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ yẹn, ìkan níwájú àwọn ọmọ ní àsẹ́ńbìlì, ìkan nídìí ìkòkò ọbẹ̀.

Iṣẹ́ abẹ náà kò tó nǹkan. Wọn ò la àyà mi sí méjì bí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ṣe ń sọ kiri. Wọ́n pa ojú ibẹ̀ kú lábẹ́ eegun èjìká òsì, wọ́n gba inú iṣan ẹ̀jẹ̀ ti wáyà méjì wọlé, ìkan sí yàrá òkè, ìkan sí ìsàlẹ̀, wọ́n so wọ́n mọ́ ẹ̀rọ tí kò ju ojú aago ọwọ́ ọkùnrin lọ, wọ́n rán awọ padà lé e. Ojú mi là kedere, mò ń gbọ́ tí dókítà ń bá nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀ epo tó tún wọ́n. Ohun tó dùn mí jù lẹ́yìn rẹ̀ ni pé wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ gbé ọwọ́ òsì kọjá èjìká fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kí wáyà má baà yẹ̀. Ẹ wá gbìyànjú kí ẹ fi ọwọ́ kan wé gèlè. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni ẹ̀gbọ́n mi fi ń wé e fún mi lọ́jọ́ Sunday, tí mò ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú orí tí kò jọ tèmi.

Nǹkan kékeré kan tún wà tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Bí mo bá wọ Micra lọ síbi iṣẹ́, títì tó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ wa kì í ṣe títì ènìyàn gidi. Kòtò nìyí, gegele nìyẹn. Mo jókòó jẹ́ẹ́ o, mi ò sáré, mi ò bínú, àmọ́ bí mọ́tò bá ti ń gbọ̀n báyìí, ọkàn mi á gbéra, á máa sáré lọ bí ẹni tí ajá ń lé. Bí a bá dé ojú ọ̀nà tó dán, á rọlẹ̀. Mo rò pé ẹ̀rù ni. Ìgbà kan tilẹ̀ wà tí mo rò pé awakọ̀ ọ̀hún ni mi ò fẹ́ràn.

Nígbà tí ẹ̀rọ náà pé oṣù mẹ́ta ni wọ́n kọ́kọ́ pè mí fún àyẹ̀wò. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń bá a sọ̀rọ̀, ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Ti èyí ò gbọ́ èdè ti tọ̀hún. Èkó ni kọ̀ǹpútà irú tèmi ti ń wá, nítorí náà ọjọ́ kan náà ni wọ́n máa ń kó gbogbo wa jọ. Mo dé aago méje àárọ̀, wọ́n pè mí aago méjì ọ̀sán, ìṣẹ́jú márùn-ún ni ọ̀rọ̀ tèmi gbà. "Ó dáa mà, kò sí wàhálà." Wọ́n fún mi ní ìwé kan tí nọ́ńbà kún inú rẹ̀. Mi ò bi wọ́n ní nǹkan kan, àwọn náà ò sọ nǹkan kan, mo fi ìwé náà sínú Bíbélì. Lẹ́yìn Láyípo ni mo tó yọ ọ́ jáde. Ohun tó wà lókè rẹ̀ gàdàgbà ni: DDDR 60–130.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó bá mi ṣe àyẹ̀wò kejì ló tú u fún mi. Mo lọ pẹ̀lú ìwé àti bírò, mo sọ fún un pé tíṣà ni mí, mi ò ní kúrò lórí àga yìí àfi tí mo bá lè kọ́ ẹlòmíì ní ohun tí ó bá kọ́ mi. Ó rẹ́rìn-ín, ó wo àwọn tó wà níta, ó ní, "Ó dáa, Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká ṣe é kíá."

D, ó ní "méjì" ló dúró fún. D àkọ́kọ́: ẹ̀rọ lè ti yàrá òkè àti ìsàlẹ̀ méjèèjì kí wọ́n lù. D kejì: ó ń fetí sí méjèèjì. D kẹta ni ohun tó ń ṣe nígbà tó bá gbọ́: bí adárin bá dá orin fúnra rẹ̀, ẹ̀rọ á pa ẹnu mọ́ lókè, ṣùgbọ́n á dúró fún ìgbà díẹ̀, á gbé ohùn náà lọ fún àwọn elégbè nísàlẹ̀. Bí àwọn elégbè bá ti gbè é fúnra wọn kí àsìkò náà tó pé, kò ní dá sí i. Ìgbà díẹ̀ tí mo ń wí yẹn, 150 ni tèmi, ìyẹn ìdá 150 nínú 1,000 ìṣẹ́jú àáyá kan. Àfi kí n rẹ́rìn-ín. Ohun tí adarí kúáyà wa ń bá àwọn álítò jà lé lórí láti ọdún pípẹ́ ni: ẹ má já lu adárin, ẹ má sì pẹ́ jù.

D kejì yẹn ló wù mí jù. Ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ fi irú ẹ̀rọ yìí sínú ara rẹ̀ ní ayé ni Arne Larsson, ní Sweden, ní 1958. Rune Elmqvist ló ṣe ẹ̀rọ náà, inú agolo pọ́líìṣì bàtà ló sì ti da ohun tó fi bò ó. Åke Senning ló fi í sínú ara ọkùnrin náà. Ẹ̀rọ àkọ́kọ́ náà kò lò ju wákàtí mélòó kan lọ kó tó dákẹ́. Adití ni ẹ̀rọ náà, kì í gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni, orin tirẹ̀ ló ń kọ lọ, yálà adárin ń dá tàbí kò dá. Síbẹ̀ Larsson lò ju ogún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lọ, ó pé ẹni ọdún 86 kó tó papò dà ní 2001, lẹ́yìn tí Elmqvist àti Senning ti ṣáájú rẹ̀ lọ. Mo bi ọ̀dọ́mọkùnrin náà pé kí ló pa á. Ó ní àrùn jẹjẹrẹ ni, kì í ṣe ọkàn.

R ńkọ́? "Ìyẹn ń wo bí ara yín ṣe ń mì ni, Mọ́mì. Bí ẹ bá ń rìn, ara á máa mì, ẹ̀rọ á mọ̀, á mú kí ọkàn yára. Ẹni tí adárin rẹ̀ kò lè yára fúnra rẹ̀ mọ́ ló wúlò fún." Mo ní, bí mo bá jókòó sínú Micra ńkọ́, tí títì ò dáa? Ó dákẹ́, ó wo mí, ó bú sẹ́rìn-ín. Kò tíì sí ẹni tó bi í rí. Ẹ̀rọ ò mọ̀ pé mọ́tò ló ń mì. Ó rò pé mò ń sáré. Gbogbo oṣù yẹn tí mo fi ń bínú sí awakọ̀ tí kò ṣẹ̀ mí!

Ó wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó gbé nǹkan kan bí irin ìlọṣọ ọmọdé lé àyà mi, ìlà bẹ̀rẹ̀ sí í sáré lójú kọ̀ǹpútà. Ó kọ́kọ́ wo iye agbára tí ọkàn mi nílò kó tó gbọ́: ó ń dín in kù díẹ̀díẹ̀ títí ìlù kan fi fò. Mo mọ̀ ọ́n lára, bí ìgbà tí ẹsẹ̀ bá wá àtẹ̀gùn tí kò sí. 0.75 fólítì, ìwọ̀n agbára iná. Ó fi ti ẹ̀rọ sí 2, kí àyè lè wà, nítorí ohun tí ọkàn ń gbọ́ lónìí lè má dún tó lọ́la. Kò sì gbé e kọjá bẹ́ẹ̀, torí ariwo ń jẹ bátìrì. Ó tún wo bí etí ẹ̀rọ ṣe mú tó. Nọ́ńbà ti ibẹ̀ yí padà sí ti ibòmíì: bó bá ṣe ń tóbi ni etí ń di sí i. Ó ní kí n fojú wo ọgbà oníbíríkì. Bí ọgbà bá ga, ẹni gíga nìkan ni ẹ ó máa rí tó bá ń kọjá níta.

Lẹ́yìn náà ló ní òun fẹ́ wo ohun tó wà lábẹ́.

"Ẹ sọ fún mi bí òòyì bá ń kọ́ yín o." Ó ń pa ẹ̀rọ lẹ́nu mọ́ díẹ̀díẹ̀, kó lè mọ̀ bóyá àwọn elégbè lè dá dúró. 60. 50. Mò ń bá a sọ̀rọ̀ nípa ọmọ mi tó fẹ́ wọlé JAMB. 40. Mo ṣì ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n mo gbọ́ tí ohùn mi ń jìnnà. 30. Igun yàrá ọ̀hún bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú láti ẹ̀gbẹ́ wá sáàárín, bí ìgbà tí iná bá ń lọọlẹ̀ tí gílóòbù ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú kí wọ́n tó mú un pátá. Mo gbìyànjú láti parí gbólóhùn tí mo ń sọ, mi ò rí i mọ́. Mo rí ọwọ́ rẹ̀ tó sáré tẹ nǹkan kan. Iná dé. Gbogbo yàrá padà sí ojú rẹ̀, fáànù ń yí, ọmọ mi ṣì fẹ́ wọlé JAMB.

"Ó tó," ó ní. "Ẹ̀rọ lẹ gbára lé, Mọ́mì." Ó fi hàn mí nínú ìwé: láàárín oṣù yẹn, nínú 100 ìlù yàrá ìsàlẹ̀, gbogbo 100 ni ẹ̀rọ bá mi lù. Lókè, 2 péré. Adárin mi ò ṣàìsàn kankan. Mi ò mọ ìdí tó fi jẹ́ pé èyí ló mú omi bọ́ lójú mi, kì í ṣe dúdú tí ilẹ̀ dúdú.

Nígbà yẹn ni mo wá gbé ọ̀rọ̀ Láyípo sílẹ̀. Kò jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ó ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí náà mo kọ ọ́, mo sì ti fi kọ́ ènìyàn mẹ́ta láti ìgbà náà. Lẹ́yìn tí elégbè bá gbè tán, ẹ̀rọ máa ń di etí rẹ̀ sí òkè fún ìgbà díẹ̀, kí ìró ègbè tó bá ta padà sókè má baà tàn án jẹ pé adárin ló tún dá orin. Dídi etí yẹn, 310 ni wọ́n fi tèmi sí. Ẹ fi 150 tó fi ń dúró lẹ́nu ọ̀nà kún un: 460. Nínú 460 yẹn, ẹ̀rọ ò lè gba orin méjì. Ìṣẹ́jú kan sì jẹ́ 60,000 irú ìdá bẹ́ẹ̀. Ẹ pín in. 130 àti díẹ̀. Ibẹ̀ náà ni nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn lórí ìwé wà: kò gbọdọ̀ tẹ̀lé adárin kọjá 130.

Bí adárin bá wá dá 134 ńkọ́, torí pé obìnrin tó ni ín ń gun àtẹ̀gùn? Orin kìíní wọlé. Ìkejì bọ́ sí ìgbà tí etí di. Ìkẹta wọlé. Ìkẹrin bọ́ sófo. Ìkan-ìkan fò báyìí, àwọn elégbè ń gbè 67. Láti 130 sí 67, láàárín ìmí kan. Ẹ̀rọ ò bàjẹ́. Ohun tí wọ́n ní kó ṣe gẹ́lẹ́ ló ń ṣe.

Mo bi í pé ta ló yan 130 fún mi. Ó yí kọ̀ǹpútà sí mi kí n lè wò ó. "Bó ṣe ti ilé-iṣẹ́ wá ni mà. Wọn ò yí i."

Ẹ gbọ́ o, ẹni ọdún 46 ni mí. Ọ̀pọ̀ àwọn tí a jọ jókòó níta lọ́jọ́ náà, àgbàlagbà ni wọ́n, ọ̀pá wà lọ́wọ́ àwọn míì, bóyá ni wọ́n tún máa ní ohun tí wọ́n ń wá lọ sókè Láyípo. 130 á tó wọn, á tún ṣẹ́kù. Ẹnikẹ́ni ò ṣìkà sí mi. Ó kàn jẹ́ pé wọ́n dá bùbá sílẹ̀ ní ìwọ̀n kan, wọ́n wọ̀ ọ́ fún mi, wọ́n sì ní kí n máa dúpẹ́ pé mi ò sí ní ìhòòhò.

Ìyípadà náà ò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ó dín dídi etí kù sí 250, ó ní kí ìdúró ẹnu ọ̀nà máa kúrú sí i bí ọkàn bá ti ń yára, ó gbé 130 sí 150. Ó pa R. Ó ní kí n rìn lọ rìn bọ̀ ní kọ́rídọ̀, kí n gun àtẹ̀gùn ọsibítù lẹ́ẹ̀mejì, òun náà gùn ún tẹ̀lé mi, òun ló ń mí hẹlẹhẹlẹ. Mo bi í ní ìbéèrè kan sí i, nípa ìgbà tí ọkàn mi máa ń ṣe bákan ní nǹkan bí aago kan òru. Ó ní ẹ̀rọ ló ń dán ara rẹ̀ wò ní àsìkò yẹn, kí n yíjú padà kí n máa sùn.

Àwọn ohun tí gbogbo ènìyàn ń bi mí, wọn ò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí. Fóònù ò gbọdọ̀ wà nínú kọ́mú mọ́, ẹ̀yin ìyá mi ẹ jọ̀ọ́. Mi ò kí ń bẹ̀rẹ̀ lé jẹnẹrétọ̀ tó ń ṣiṣẹ́. Ọmọ mi ló ń fà á. Maikirowéèfù ò ṣe mí ní nǹkan kan. Ẹnu ọ̀nà báńkì, mo máa ń fi káàdì mi hàn, mo máa ń kọjá láì dúró sáàárín rẹ̀. Sẹ́kúrítì kan ka káàdì náà lọ́jọ́ kan, ó wo àyà mi, ó rọra bi mí léti pé, "Màmá, ṣé kì í bú gbàmù?" Mo ní ó di ọjọ́ tí báńkì yín bá tún yọ owó mi láìnídìí.

Nígbà tí mo ń padà bọ̀ lọ́jọ́ àyẹ̀wò yẹn, mo wọ Micra, iwájú ni mo jókòó. A dé ojú títì wa, ó já sínú kòtò, ó jáde, ó tún já sínú òmíì, orí mi kan òrùlé. Mo gbé ọwọ́ lé àyà. Ọkàn mi kò dá sí ọ̀rọ̀ náà rárá.

Ọdún tó tẹ̀ lé e, mo tún kó àwọn ọmọ praimárì karùn-ún mìíràn lọ sí Òkè Àrẹ̀. Èmi ni mo ṣáájú. Mi ò yára, mi ò sì dúró. Níbi tí mo ti jókòó lọ́jọ́sí, mo fi ọwọ́ kan ògiri, mo kọjá. Nígbà tí a dé òkè, afẹ́fẹ́ ń fẹ́, òrùlé páànù Ìbàdàn tẹ́ lọ lábẹ́ wa, pupa ràì ràì, àwọn ọmọ ń wá ilé wọn kiri pẹ̀lú ìka. Mo fi ìka méjì sí ọrùn ọwọ́ mi, mo ń wo aago.

"Àǹtí, kí lẹ ń kà?"

"Ẹ jẹ́ kí n kà á tán." Ìṣẹ́jú àáyá 15 pé. "36. Ta ló lè bá mi sọ ọ́ di ọ̀nà mẹ́rin?"

Wọ́n gbójú sókè, ètè wọn ń mì. Ọmọbìnrin kékeré kan lẹ́yìn ló kọ́kọ́ nawọ́.

"Mẹ́rìnlélógóje, Àǹtí!"